Nígbà tí Báńkì Ní Kí Ẹgbẹ́ Wa Mú Ìwé Wá

Lórí ojú ewé ìṣòwò yìí, ọ̀rọ̀ owó ilé, owó ìfẹ̀yìntì àti bí a ṣe ń dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ la sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa òwò kan tí gbogbo wa jọ ni, tí a kì í kà sí òwò: ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀. Owó ń wọlé, owó ń jáde, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í gba owó oṣù, ó sì kù díẹ̀ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí kọ́bọ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, lẹ́tà kan dé sílé Màmá Akápò láti ọ̀dọ̀ báńkì tí ẹgbẹ́ ti ń lò tipẹ́tipẹ́. Báńkì fẹ́ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tó láṣẹ lórí owó náà. Wọ́n fẹ́ rí ìwé òfin ẹgbẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí owó ti ń wá, ibi tó ń lọ, àti ẹni tó ń gbà á lọ́hùn-ún. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún wa. Màmá Akápò ka lẹ́tà náà, wọ́n rò pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníjìbìtì ni, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kìlọ̀ fún wa pé kí á má sọ ọjọ́ ìbí wa fún ẹnikẹ́ni, wọ́n bá sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Mi ò bá wọn wí. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọgọ́ta ọjọ́ pé, báńkì ti àkáùntì náà pa. £11,400 ló wà nínú rẹ̀, owó kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọjà sì ni.

Nílé, ẹni tí a gbé iṣẹ́ náà fún ti gbẹ́ ilẹ̀ kan omi, ó ń retí owó páìpù, ẹ̀rọ àti táǹkì. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni ìjọba Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye lé e, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Ọkùnrin náà dúró, dúró, ó bá lọ sídìí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n fi páànù bo ihò náà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ pọnmi lódò.

Ìgbà tí a fẹ́ dá báńkì lóhùn la tó mọ irú ilé tí à ń gbé. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí àkáùntì náà, ẹni méjì ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó lè jáde. Ẹnì kan ti kú láti ọdún 2016. Ẹnì kejì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti padà sílé. Bí wọ́n bá wá lọ́dọọdún, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó bíi mẹ́wàá láìkọ iye sí i, wọ́n á kó o fún Màmá Akápò. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, pọ́n-ùn kan ṣoṣo kò sọnù rí. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ńkọ́? Ó wà. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ ọ́, tàbí kí n sọ pé ọdún 1991 ni wọ́n dà á kọ, nítorí pé ti ẹgbẹ́ ìlú mìíràn ní London níbí ni wọ́n wò kọ ọ́. Nígbà tí akọ̀wé ka ìpín kẹrìnlá sókè, orúkọ ìlú àwọn ẹni ẹlẹ́ni ṣì wà níbẹ̀: bí ẹgbẹ́ bá túká, kí gbogbo owó rẹ̀ lọ sí ààfin ọba tí kì í ṣe ọba wa. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n la fi gbé e káàkiri.

Ní ọdún 1983, Paul DiMaggio àti Walter Powell, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan tí àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣòwò ṣì ń kà títí dòní. Ìbéèrè wọn ni pé, kí ló dé tí àwọn iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ kan náà fi máa ń jọ ara wọn bí ìbejì tó bá yá? Wọ́n ní kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé ìṣètò yẹn ló dára jù fún iṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta ló ń tì wọ́n: àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àti ẹni tó di owó mú, àwòkọ, nígbà tí ọ̀nà kò bá dá ẹgbẹ́ lójú, àti ẹ̀kọ́ tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, bí agbẹjọ́rò àti oníṣirò owó, ti jọ gbà. Nígbà tí mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti jókòó sínú gbọ̀ngàn ìpàdé wa.

Ẹ jẹ́ ká tọ àṣẹ yẹn dé orísun rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 sí Amẹ́ríkà, FATF, àjọ tí àwọn ìjọba dá sílẹ̀ láti gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí, gbé ìlànà tuntun jáde lórí owó tó ń lọ sọ́wọ́ àwọn apániláyà. Ọ̀kan nínú ìlànà náà dá lórí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò jèrè, àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa. Ìjọba kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin fún báńkì, báńkì sọ ọ́ di fọ́ọ̀mù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, oṣù kan ṣáájú lẹ́tà wa, FATF fi Nàìjíríà sí ara àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Báyìí ni ìfòyà àwọn alágbára ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé inú dúrọ́ọ̀ Màmá Akápò. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn lórí fóònù ní báńkì náà kò kà wá sí olè. Àpótí kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí kò lè ti sílẹ̀ bí kò bá rí ohun kọ sí i, kò sì sí ohun tí a lè fún un kọ.

Kì í ṣe London nìkan. Báńkì tí kọ̀mítì ilé ń lò ní kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, kí wọ́n sì gba ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń mójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn káńsù tí a fẹ́ gbà fún ọdún àwọn ọmọdé ní kí á mú ìwé ìbánigbófò wá, pẹ̀lú ìlànà lórí ààbò ọmọdé. Ẹnikẹ́ni tí a bá bá sọ̀rọ̀, ìwé kan náà ló ń béèrè.

Ìdí nìyí tí a fi pinnu láti di charity. Ní England àti Wales, charity tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £5,000 lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Scotland, OSCR ni tiyín, ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní charity níbẹ̀ bí kò bá forúkọ sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.) Irú ẹgbẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní CIO, tó bẹ̀rẹ̀ ní England ní ọdún 2013: ẹgbẹ́ náà á di ẹni ara rẹ̀ lójú òfin, ó lè ní dúkìá, ó lè ṣàdéhùn, gbèsè rẹ̀ kì í sì í sábà wá sórí àwọn trustee. Èyí la yàn. A rò pé fọ́ọ̀mù la fẹ́ kọ. A kò mọ̀ pé wọ́n máa la àpò wa sí méjì.

Ẹ mọ bí ẹgbẹ́ wa ṣe rí. £10 lóṣù, àpò kan ṣoṣo. Nínú àpò yẹn la ti ń tún òrùlé ilé ìwé ṣe, nínú rẹ̀ la ti ń ra ẹ̀bùn ìkómọjáde, nínú rẹ̀ la ti ń fún ìdílé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú ní £500. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù Charity Commission béèrè pé ta ni yóò jàǹfààní. Omi fún ìlú, òrùlé ilé ìwé, oògùn fún ilé ìwòsàn, kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Owó tó ń lọ sọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kìkì nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, òfin kò kà á sí àǹfààní gbogbo ènìyàn. Owó ìsìnkú kò lè wọlé. Owó ìkómọ kò lè wọlé. Ẹ̀bùn mọ́tò tí a dá fún Kábíyèsí, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, agbẹjọ́rò tí a kó jáde níwájú gbogbo wa, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ìpàdé yẹn pẹ́ débi pé ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan dìde, wọ́n ní, “Ẹgbẹ́ tí kò lè sin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kí ni?” Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe pé a ò ní sìnkú mọ́. Àpò rẹ̀ la fẹ́ yà sọ́tọ̀.” Bàbá ní, “Ọmọ mi, a kì í ya orí kúrò lára kí á ní a ń tọ́jú rẹ̀.” Wọ́n jókòó.

Mo dìbò fún yíyà á, mi ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Bàbá rí ohun kan tí agbẹjọ́rò àti èmi kò rí. Owó ìsìnkú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn torí rẹ̀ ń san £10. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí kò ní ẹbí kankan nílùú yìí, ohun tó ń rà nìyẹn: ìdánilójú pé bí òun bá kú sí London, wọn ò ní pe káńsù wá sin òun. Omi ẹ̀yìn ọjà kàn ń gun ẹ̀yìn ìdánilójú yẹn bí ọmọ ni. Nígbà tí a la àpò sí méjì, £5 síhìn-ín, £5 sọ́hùn-ún, ẹni mọ́kànlélógójì ló san ti ìsìnkú ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni mọ́kàndínlógún ló san ti charity.

Gift Aid ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Bí ẹni tó ń san owó orí bá fọwọ́ sí ìwé, ìjọba máa ń fi 25p kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá fi ta charity lọ́rẹ, ẹgbẹ́ àtijọ́ tí kò ní ìwé kò sì lè rí ìyẹn gbà. Àmọ́ ènìyàn mọ́kàndínlógún ṣì jẹ́ mọ́kàndínlógún. Ẹnì kan dábàá pé ẹni tí kò bá san ti charity kò ní jẹ nínú owó ìsìnkú. Oníṣirò owó wa, ọmọ wa náà, ní kò ṣeé ṣe: bí ẹni tó ń ta ọrẹ bá ń ti ara ọrẹ náà gba nǹkan padà, HMRC lè sọ pé kì í ṣe ọrẹ. Ẹ rí ẹ̀kọ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí DiMaggio àti Powell sọ. Àwọn ọmọ tí a rán lọ sí yunifásítì ti padà wá, wọ́n sì ń sọ fún wa ohun tí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe. Nígbà mìíràn ó máa ń rí wa lára. Wọ́n sì máa ń tọ̀nà.

Màmá Akápò ló yanjú rẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n sì gbà. Wọ́n ní kí á máa ka orúkọ àwọn tó san ti charity sókè ní ìparí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí á má sọ orúkọ ẹni tí kò san. Ìyẹn nìkan. Akọ̀wé ní òfin lórí àṣírí ènìyàn lè dí wa lọ́wọ́, a bá ní kí ẹni tó ń san kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé a lè ka orúkọ òun. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti di ẹni mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìtìjú náà jẹ́ òfin. Òun ló ń mú èsúsú dúró nílẹ̀ wa láìsí agbẹjọ́rò, òun náà ló sì bá àwọn ẹrú sọdá òkun dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní sou-sou títí dòní. Ẹni tó bá kó owó tí kò dá mọ́, gbogbo àdúgbò ló mọ ilé rẹ̀.

Ní ti àwòkọ, kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé wa ní 1991 ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Ladipo Solanke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU sílẹ̀ ní London ní ọdún 1925, tí Awólọ́wọ̀ àti àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà níbí kan náà ní 1945, irú ẹgbẹ́ tí àwọn òyìnbó mọ̀ ni wọ́n dá, tó ní ààrẹ, akọ̀wé àti ìwé òfin, nítorí pé irú rẹ̀ ni ìjọba lè kọ lẹ́tà sí. Nílé, lẹ́yìn tí ìjọba amúnisìn pe C. F. Strickland wá láti wo ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, òfin kan jáde ní 1935. Láti ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ kòkó tó bá fẹ́ kí ìjọba mọ ẹgbẹ́ wọn ní láti ní kọ̀mítì àti ìwé ìṣirò tí ẹlòmíràn ń yẹ̀ wò. Ẹni tó ń ṣe èsúsú látijọ́ kò yí padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ní ojú kejì tó ń fi han ìjọba.

Àwa náà ní ojú kejì báyìí. Lórí ìwé, trustee márùn-ún ló ń darí ẹgbẹ́. Bàbá Ẹgbẹ́ àti Ìyá Ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀, nítorí pé òfin kò ní àga tó bá wọn mu. Ṣùgbọ́n ẹ dé ìpàdé kí ẹ wò ó bóyá trustee kan lè dá àbá tí àwọn méjèèjì kò tíì gbọ́. John Meyer àti Brian Rowan ti kọ ọ́ ní ọdún 1977 pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ètò tó wà fún ojú ayé wà lọ́tọ̀, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an wà lọ́tọ̀. Ní ti àwọn àgbà wa, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó lè burú. Ẹ rántí ìwé ààbò ọmọdé tí káńsù béèrè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí i, ojú ewé méjìlá, a tẹ̀ ẹ́, a fi ránṣẹ́, wọ́n sì fún wa ní gbọ̀ngàn. Ní ọjọ́ ọdún àwọn ọmọdé ní oṣù Kejìlá 2023, ọmọ ọdún márùn-ún kan fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ogún ìṣẹ́jú la fi wá a. Ìdí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì la ti bá a, ó ń ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ara wa balẹ̀, mo lọ ṣí ìwé náà láti mọ ẹni tó yẹ kí á pè nígbà tí a ń wá a. Ní ojú ewé kẹta, níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni náà àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà, àmì tó-tò-tó la bá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sí i. Káńsù náà kò rí i, nítorí pé ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ìwé wà. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọdún àwọn ọmọdé.

Oṣù Kejì ọdún 2024 ni Charity Commission fún wa ní nọ́ńbà. Oṣù Karùn-ún ni báńkì mìíràn gbà wá, ìgbà yẹn ni báńkì àtijọ́ sì tó dá £11,400 náà padà, kò lé, kò dín. Ọdún kan gbáko. Lóòótọ́, pọ́n-ùn wa mú náírà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òjò ti ya ihò náà, wọ́n ní láti tún un gbẹ́, iye páìpù àti ẹ̀rọ sì ti fò sókè. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin la ṣèlérí fún ẹ̀yìn ọjà. Méjì ló ń yọ omi láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024.

Kọ̀ǹpútà la fi ń ṣe ìṣirò báyìí, akọ̀wé ìṣúná tuntun ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Màmá Akápò kò bá a jà, wọn kò sì fi nóòtù wọn sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti já, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dè é. Nígbà tí ẹni tó ń yẹ ìṣirò wa wò wá ní ìparí ọdún, owó báńkì fi £35 ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Gbogbo wa ń wo ara wa. Ó béèrè bóyá ìwé mìíràn wà. Màmá Akápò ṣí àpamọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ìka tọ́ ọ sísàlẹ̀ ojú ewé kan. £35 náà wà níbẹ̀, oṣù méje tí ẹnì kan san lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó san án.